Ta Ló Pa Ìyá Mummy Dottie?

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí arúgbó ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń sunkún, tó fọwọ́ bojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí, tí carer tó ń tọ́jú rẹ̀ sì dúró tì í gbagidi, ta lẹ máa mú?

Ẹ ṣeun. Oyinadé náà mọ̀. Òun gan-an ni carer yẹn, nínú parlour Mummy Dottie ní Thamesmead North, ní London.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Claire, ọmọ-ọmọ Mummy Dottie, gbé kámẹ́rà kọ́ ògiri, kó lè máa wò wọ́n láti office. Kámẹ́rà náà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ o, àwòrán nìkan ló ń rí. Tí Claire bá fẹjọ́ Oyinadé sùn pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ lọ, visa lọ.

Àṣé bí Mummy ṣe rí kámẹ́rà, Hollywood ni wọ́n padà sí. Ọmọdé kékeré ni wọ́n nígbà tí wọ́n di òṣèré níbẹ̀, láyé sinimá tí kò lóhùn. Kí wọ́n lè sunkún gidi, director á ní, "Dottie, ìyá ẹ ti kú." Kámẹ́rà á máa yí. Ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó jẹ́ kí ìyá yọjú. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún omijé yẹn! Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn ò pè wọ́n mọ́. Ṣọ́jà Woolwich kan ló fẹ́ wọn wá síbí.

"Mummy, ẹ dákẹ́ ma, ẹ má bà mí láyé jẹ́!" Oyinadé ń bẹ̀ wọ́n.

"Ìyá mi ti kú!" Wọ́n wo kámẹ́rà, wọ́n tún figbe bọnu.

Oyinadé wo iná pupa ara kámẹ́rà. Kó faṣọ bò ó? Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kó sá jáde? Ọ̀daràn pọ́ńbélé! Ló bá kúnlẹ̀ gbì, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún ìyá tó bí i n'Íbàdàn.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, Mummy. Ìyá yín wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró dè yín. Iṣẹ́ ti parí."

Ẹkún dúró lójijì. Mummy fọn imú.

"Kí ló dé tí ò sẹ́ni tó tètè sọ fún mi?" Wọ́n fọwọ́ pa á lórí.

Phone dún. Claire ni.

"Mo rí gbogbo ẹ̀. Kí lo kúnlẹ̀ sọ fún un?"

Oyinadé dìde nílẹ̀.

Mummy Dottie gba phone lọ́wọ́ ẹ̀. "Claire, fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ìyá mi ń dúró dè mí níta. Wá yọ kámẹ́rà yẹn kúrò, kó tó tún pa ìyá mi."