Ojú Asẹ́ Ti Fẹ̀

Ìwọ tó ń ka èyí, tí ìtọ̀ rẹ bá ń hó bí omi ọṣẹ, tí ìhó náà ò sì tètè parẹ́, má kàn máa wò ó níran. Mo ń sọ fún ọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Bándélé, àbúrò mi, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì kan l'Ékòó ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi l'Ábẹ́òkúta ló ń sùn. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ á wú. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí i pé ó ti sanra. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kíndìnrín dà bí asẹ́. Ti Bándélé, ojú asẹ́ náà ti fẹ̀, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde. Purotéènì yẹn ló ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀; tó bá dínkù, omi á jò sínú ara, ara á wú. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ti rí i pé ó ń tán, ó ń ṣe òmíràn tọ̀sán tòru, kò sì lé e bá.

"Àǹtí mi, ẹ ò gbọ́? Ẹ̀dọ̀ mi ń ṣe òmíràn. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi wá ń se ẹyin fún un, torí purotéènì inú rẹ̀, láàárọ̀, lálẹ́, pé ká bá ẹ̀dọ̀ náà gbé ẹrù.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di adìyẹ ni?"

"Jẹ ẹ́ jàre. Ẹsẹ̀ adìyẹ kì í wú báyìí."

Ìtọ̀ náà túbọ̀ ń hó.

Aṣọ ni mò ń pa láró ní Ìtòkú. Ìkòkò tí a lu nídìí la fi ń sẹ́ omi eérú. Tí ihò rẹ̀ bá fẹ̀, tí eérú ń bá omi bọ́ sísàlẹ̀, ta ni yóò máa da eérú kún un lókè? Ọwọ́ mi wà nínú omi eérú nígbà tí mo rántí ẹyin.

Mo padà lọ bá dókítà.

"Ẹ má fi ẹyin kún un mọ́, Mà. Ìtọ̀ náà ló ń gbà jáde. Kíndìnrín la fẹ́ tọ́jú. Ẹ̀dọ̀ tó ń sáré yìí, ó ń ṣe ọ̀rá àti ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀ mọ́ ọn. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tó ń ro ó, ẹ gbé e wá kíá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró."

Láàárọ̀ yìí, Bándélé ti wọṣọ iṣẹ́. Ó ń tiro.

"Ká ṣòkòtò rẹ sókè."

"Bọ́ọ̀sì á fi mí sílẹ̀."

"Mo ní kí o ká a sókè."

Ẹsẹ̀ òsì ti tóbi ju ọ̀tún lọ. Ó gbóná lọ́wọ́ mi.

"Ìjókòó bọ́ọ̀sì ni, Àǹtí. Tí n ò bá lọ lónìí, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkú? Ó ti rẹ ẹ̀dọ̀ rẹ, Bándélé. Ó ti rẹ èmi náà."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó tú táì ọrùn rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo pe ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ọsibítù. Mo wá bi í, láti ìgbà wo ló ti ń ro ó.

"Mo ti gbà láti lọ sí ọsibítù. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Mo tún bi í. Ó kọjú sí ògiri, ó na ẹsẹ̀ òsì sí mi kí n bá a bọ́ bàtà.