Àga Bàbá Kò Wọ Bùútù

Jíìpù méjì ló wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò ní Ọ̀bà-Ilé, iye owó kan náà sì ni wọ́n. Adélaní ti wò wọ́n tiwájú tẹ̀yìn. Ọ̀kan fẹjú bí ilé, èèyàn méje á jókòó sínú rẹ̀ wọ̀ọ̀, àmọ́ ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣá. Èkejì kéré, ó ń dán, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì, kí ọlọ́lá lè máa wo ojú ọ̀run. Ta ló ń wo ojú ọ̀run lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, nígbà tí kòtò wà nílẹ̀?

"Bàbá Ayọ̀, ńlá yẹn ni kí ẹ rà," Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ mọ̀ pé Màámi ò ní fi àga Bàbá sílẹ̀."

Láti ìgbà tí Màámi ti ṣubú lẹ́yìnkùlé lóun nìkan ní Oǹdó ni ọkàn Adélaní ò ti balẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ijapo, l'Àkúrẹ́. Ìyá gbà níkẹyìn: ọjọ́ tí mọ́tò ọmọ òun bá dé lòun á tẹ̀ lé e, òun àti àga tí ọkọ òun jókòó sí títí ó fi kú.

"Ṣé torí àga la ṣe ń ra mọ́tò ni?" Adélaní dáhùn. "Àbí o ò gbọ́ iye tí wọ́n ń ta epo?"

Irọ́ ni, ọ̀rọ̀ epo kọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹni tó bá ní ìjókòó méje ti di dẹ́rẹ́bà ẹbí nìyẹn: ìsìnkú, ìkómọ, "Adélaní, já wa sílẹ̀ ní Ìlárá." Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ó ra kékeré.

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n gbé e lọ sí Oǹdó, torí mọ́tò tí ìyá ò bá tíì bu omi sí táyà rẹ̀, kò tíì di mọ́tò. Wọ́n bá ẹrù Màámi níta, àga ló ṣíwájú. Màámi bu omi sí táyà, ó wúre: "Èyí tó tóbi ju èyí lọ ni Olúwa ó fi tẹ̀ lé e." Gbogbo agboolé ṣe àmín. Adélaní nìkan ló panu mọ́.

Ó wá ku àga. Wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ bùútù, kò wọlé. Wọ́n dà á dojú dé, kò gbà. Rufus, àbúrò bàbá Adélaní, ní kí wọ́n dì í mọ́ orí òrùlé.

"Gíláàsì ni o," Adélaní ti sọ ọ́ kó tó rò ó.

Màámi wo gíláàsì, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ó ní, "kí ẹ má lọ fọ́ gíláàsì ọmọ mi."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Màá rán ọkọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ajé."

"Bàbá rẹ kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń ránṣẹ́ gbé."

Monílọ́lá kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, Màámi kò gbà. Ó jókòó sórí àga náà níwájú ilé, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí Olúwa bá ti ṣe èyí tó tóbi, kí ẹ wá mú mi."

"Àmín," ni Adélaní wí. Òun nìkan ló ṣe é.