Bàbá Mi Wọ Bàtà Tí Mo Fi Ń Sáré

Láyí, ìwọ tá a jọ ń sáré, mo mọ̀ pé eré sísá pẹ̀lẹ́ tó ń jẹ́ kára sinmi ló kàn wá lónìí, ṣùgbọ́n má fi sálúbàtà mi rẹ́rìn-ín. Àlá ló fà á.

Nínú àlá náà, mo wà ní kíláàsì yógà, eré ìnara tí wọ́n ní kí àwa àgbà tó ń múra sílẹ̀ fún eré ìje maratọ́ọ̀nù máa ṣe. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní ká dojú bolẹ̀, ká fọwọ́ tilẹ̀, ká gbé àyà sókè. Bí mo ṣe gbórí sókè, bàbá mi olóògbé ni mo rí, wọ́n wọ bàtà tí mo fi ń sáré. Ẹsẹ̀ wọn tóbi ju tèmi lọ, síbẹ̀ bàtà náà gbà wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi títí, wọ́n ní, "Àkànní, ó ti rẹ̀ ọ́," ni wọ́n bá sáré jáde. Ó wù mí kí n tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dáhùn ìkíni mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde?

Ojú mi là, mo ṣì dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo rọ́ àlá náà fún ìyàwó mi, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ẹ ò tẹ̀ lé wọn?"

Mi ò tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbàgbé láti ní kí n dìde ni, àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mi ò lè wọ bàtà tí wọ́n wọ̀ yẹn lónìí. Máa sáré tìrẹ lọ, èmi á máa rìn bọ̀ lẹ́yìn.