Ó Dá Yín Lójú, Màámi?

"Ṣé ẹ ti yọ ohùn ọmọ mi kúrò?"

"Mo ti yọ ọ́, mà. Orin lásán la ó fi bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò kò lè wo ojú obìnrin tó béèrè. Ẹ̀yìn dígí ló wà, tó ń fi aṣọ nu ohun tí kò dọ̀tí.

Àǹtí Sáyẹ́ǹsì ni àwọn ọmọdé tó ń gbọ́ rédíò ń pe obìnrin yìí. Àràárọ̀ Sátidé ló máa ń sọ àwọn ohun ìyanu inú sáyẹ́ǹsì fún wọn. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pe ọmọ yẹn nílé; yóò bi ọ́ léèrè títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi gbàgbé ohun tó o mọ̀. Wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ; òun ló máa ń ṣí ètò. Bí ìyá bá sọ ohun ìyanu kan tán, wọn a tẹ bọ́tìnnì, ọmọ a ké pé irọ́ ni, ìyá a sì dá a lóhùn. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń sín in jẹ.

Ibà ló mú ọmọ náà lọ lóṣù tó kọjá. Ọmọ tí ì bá sin ìyá rẹ̀ ni ìyá sin. Àwọn tó wá kí i ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Kò rí èyí tó sàn níbẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kó sinmi sí i, ó kọ̀. Ilé ti dákẹ́ jù fún un.

Iná pupa tàn, ètò bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹranko kan wà nínú òkun tó ní apá mẹ́jọ, tó sì ní ọkàn mẹ́ta? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pupa, búlúù ni."

Ohun tó bá ti mọ́ ọwọ́ lára, ọwọ́ kì í dúró gbàṣẹ. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ètò nìkan ni ọkùnrin náà rántí yọ. Ìka rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnnì kó tó mọ̀.

"Irọ́ ni, Màámi! Ó dá yín lójú?"

Lẹ́yìn dígí, ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan di orí mú, ó ń fi èkejì bẹ obìnrin náà. Gbogbo ọmọ tó ń gbọ́ rédíò ń dúró de ìdáhùn.

"Ó dá mi lójú, ọmọ mi."

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ti ìwé tó fẹ́ kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i fún yín. Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, àwọn nǹkan bíńtín kan máa ń kúrò lára rẹ̀, ojú lásán kò lè rí wọn. Wọn a bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara ìyá. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà tán, wọ́n ṣì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi yòówù tí ọmọ náà ì báà lọ."

Ó wo ọkùnrin ẹ̀yìn dígí, ó nawọ́ sí bọ́tìnnì. Ọkùnrin náà mi orí pé rárá. Obìnrin náà tún nawọ́ sí i, ọkùnrin náà sì tẹ̀ ẹ́.

"Irọ́ ni, Màámi! Ó dá yín lójú?"

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ó dá mi lójú, ọmọ mi. Ó dá mi lójú gan-an."