Òṣùpá Liamidi

"Ẹ̀yin ará Dowa, bí mo ṣe dé góńgó igi ọ̀pẹ yẹn ní Avrankou, òṣùpá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí: 'Fòfó Liamidi, ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀wọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, fìlà rẹ fẹ́ gún mi lójú!'"

Gbogbo èrò iwájú ilé kọmitẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Liamidi ayafótò bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ oko ló wà lọ́kàn rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba tí wọ́n ní ìyípadà dé, kọmitẹ́ àdúgbò ti pàṣẹ pé kí tàgbà tèwe lọ ro oko àjùmọ̀ní ní Avrankou. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa dá sí: ayafótò tí wọ́n bá mú fótò rẹ̀ lọ síbi àfihàn ní Kútọnu. Ẹ̀yìn Liamidi rèé, bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ṣíbí lásán, á ké bí ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ tó ti ń fi fótò káàtì ìdánimọ̀ jẹun, ojú ènìyàn sì ti sú u. Bó bá ya ìyàwó, ìyàwó á ní ó jẹ́ kí imú òun fẹ̀. Ló bá kọjú sí igi, ẹyẹ àti ọ̀sà. "Igi kì í jà nítorí imú," ló máa ń wí. Òótọ́ sì ni pé ó gun ọ̀pẹ lọ ya òṣùpá. Àmọ́ nígbà tó fọ fótò ọ̀hún, òṣùpá kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó wá dá ọgbọ́n mìíràn.

Kamaráàdì Fọlárìn, olùkọ́ tó jẹ́ olórí kọmitẹ́, gbé fótò náà sókè. Òṣùpá kún inú rẹ̀ bámúbámú, gbágungbàgun, tòun ti òkè àti kòtò.

"Ó dára o! Kí wá ni dúdú kékeré tó dúró síbí yìí?"

Liamidi ò ṣẹ́jú. "Kamaráàdì, ọ̀kan nínú àwọn Amẹ́ríkà tó lọ síbẹ̀ ni. Wọ́n gbàgbé ẹ̀."

"Amúnisìn!" Fọlárìn fò sókè. "Wọ́n tún ti gba òṣùpá! Fótò yìí gbọ́dọ̀ dé Kútọnu!"

Inú Liamidi dùn dé ìdí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ẹkún ọkọ́ Avrankou tó pàdánù rẹ̀.

Barakatou alákàrà na ọrùn. "Fòfó, òṣùpá yín yìí mà jọ ẹni tí mo mọ̀."

"Gbogbo arẹwà ló jọra, Dàdá ẹ̀gbọ́n mi!"

"Amúnisìn ọ̀hún wá ní ẹsẹ̀ mẹ́fà?"

"Méjì ni tirẹ̀. Mẹ́rin tó kù, ó jí i ni. Ṣé ẹ ò mọ ìwà amúnisìn ni?"

"Ẹsẹ̀ jíjí!" Fọlárìn ní. "Mú awò rẹ tí ń sọ kékeré di ńlá wá, kí n rí i dáadáa."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Liamidi rántí nǹkan mìíràn tó wà nínú àpò rẹ̀. Ó fa awò yọ. Àkàrà kan tó fẹ̀ bí àwo tẹ̀ lé e, wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ, èèrà bò ó. Ó yí gbirigbiri, ó dúró sídìí bàtà Fọlárìn.

Fọlárìn wo fótò, ó wo ilẹ̀. Òkè kan náà, kòtò kan náà.

"Àkàrà tó ní òun fẹ́ gbé fún aláìsàn rèé!" Barakatou figbe ta. "Ẹ̀yin ará Dowa, àkàrà tú sépo!"

"Ẹ bá mi mú ọkọ́ wá!" Fọlárìn pariwo.

Ta ni wọ́n fẹ́ fún? Kí ọkọ́ tó dé, Liamidi ti gba ọ̀nà Akpro-Missérété, ó di fìlà mú. Ẹ̀yìn tó ń ké bí ilẹ̀kùn ti fo ọgbà méjì, kò sì ké rárá.