Alárinà Tí Àwọn Ọ̀gá Jẹ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin aráalé. Àlá kan ni mo lá mọ́jú òní, kò sì yẹ kí èmi nìkan dá a gbé.

Ẹ mọ oko àgbàdo mi tó wà lẹ́yìnkùlé yìí, tó fẹ̀yìn ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà, nítorí ajílẹ̀ ti di ohun tí a kàn ń gbọ́ orúkọ ẹ̀. Lójú àlá, mo dúró láàárín ebè, èéfín ilé-iṣẹ́ ń kọjá lórí mi, èéfín fúnra ẹ̀ ń wúkọ́.

Mo ní, "Èéfín, o ò tiẹ̀ tijú!"

Ó ní, "Àṣàbí, má bú mi. Oúnjẹ àgbàdo rẹ ń bẹ nínú mi. Kò sẹ́ni tó bá mi wá ìyàwó ni."

Mo ní kò burú. Ibi tí mo ti ń wá ìyàwó fún èéfín ni mo rí wáyà bàbà kan lórí ebè, ó wé gèlè, ó káwọ́ lẹ́rán.

"Èmi ni alárinà," ló wí. "Màá fi èéfín mọ omi. Tí wọ́n bá ti fẹ́ra, ajílẹ̀ lọmọ tí wọ́n máa bí. Èmi ò ní jẹ nínú ẹ̀ o. Màá yẹra, màá lọ so àwọn mìíràn pọ̀. Iná mànàmáná díẹ̀ ni kí wọ́n fún mi."

Iná kẹ̀! La bá gba ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá tó ń pín iná lọ. Ọ́fíìsì náà ń fò lókè, wọ́n so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ mi kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. A gun ìbẹ́pẹ, a wọlé. Àwọn ọ̀gá jókòó pẹ̀lú agbádá.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́?"

"Iná díẹ̀ fún alárinà yìí, ẹ̀yin ọ̀gá."

Alága wo bàbà. "Ó mà ń dán o! Ẹ jẹ́ ká fi í ṣaya."

"Ta ló ń fẹ́ alárinà?" ni mo bi í. "Ṣé ilé yín kọ́ ni wọ́n ti ń sọ pé bí ọkọ bá ti mojú ìyàwó, alárinà a yẹra?"

"Ìyá, ẹ panu mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó so nǹkan pọ̀ tí kò jẹ nínú ẹ̀, ẹ̀tàn ni."

Bí alága ṣe gé bàbà jẹ nìyẹn. Irùngbọ̀n yọ, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Àwọn yòókù gé tiwọn, àwọn náà di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Wọ́n ṣì dé fìlà, wọ́n sì ń fi pátákò lu òǹtẹ̀.

Bàbà ké látinú ikùn alága: "Àṣàbí o, èéfín ń lọ o! Àgbàdo ẹ ń kú lọ o!"

Mo gbá alága níwo mú. "Bì í jáde! Olè! Ọmọ mi ni mo fẹ́ fi àgbàdo yẹn bọ́!"

Alága wò mí tìyanu-tìyanu, ó sì tọ̀ sí mi lára. Òórùn ẹ̀ ta mí nímú, mo ta jí.

Òórùn náà ò lọ. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Òbúkọ Ìyá Fúnmbi aládùúgbò mi, tí wọ́n máa ń so mọ́ ọgbà mi, ló ń tọ̀ síbi tó máa ń tọ̀ sí láràárọ̀, ìdí àgbàdo kan báyìí. Nínú gbogbo oko, àgbàdo yẹn nìkan ló dúdú mìnìjọ̀.

Mo pariwo: "Ìyá Fúnmbi, ẹ wá wo nǹkan!"

Kí n tó dé ìdí ẹ̀, òbúkọ ti yíjú padà, ó fà á tu, ó ń jẹ ẹ́. Èéfín ń kọjá lókè orí wa. Lójú ayé, èmi ló ń wúkọ́.