Kọ́tà Tí Kì Í Jẹ Epo Pupa

Kí oòrùn tó gorí òrùlé lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, nínú ọyẹ́ tó mú bí abẹ, dígí méjì ti fọ́ mọ́ Fáwùnmí káfíńtà lọ́wọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ó tẹ́ kúbùsù sórí tábìlì, ó rọra gbé dígí náà lé e, ó sì káwọ́ lérí.

Fèrèsé ilé ìwé ìjọ tó wà ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n gbé fún un ṣe. Tíṣà àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí, ti sọ ọ́ lójú ìjọ pé bí gbogbo dígí bá jókòó dáadáa kí àwọn ọmọ tó wọlé ní Mọ́ńdè, Fáwùnmí náà ni yóò ṣe fèrèsé ilé olùkọ́ tuntun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ Ìbàdàn, àwọn tó ti ń sọ kiri pé káfíńtà oko kò mọ̀ ju ilẹ̀kùn ilé adìẹ lọ.

Ohun tó ń dun Fáwùnmí ni pé kọ́tà rẹ̀, irin pẹ́ńpẹ́ bíi kálámù tí wọ́n fi ń gé dígí, gé mọ́kànlá lánàá láìṣi ọ̀kan. Lónìí, ńṣe ló ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, tó ń ha dígí bí èékánná adìẹ.

"Jùbrílù ti tà mí ní ayédèrú," ló wí. Ó wé kọ́tà mọ́ aṣọ, ó gun kẹ̀kẹ́, ó di Olódò.

Jùbrílù tó ń ta dígí jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń yá oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, irin tí ẹ tà fún mi kò dáa o!"

"Èwo? Èyí tí o fi odidi àárọ̀ yàn níwájú mi? Ṣebí márùn-ún lo yẹ̀ wò, tí o ń fi ìka yí táyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ń mì, èyí le jù, èyí kò bá àtàǹpàkò mi mu! Gbé e wá, aláriwo."

Táyà tó wí yìí ni irin róbótó kékeré tó wà lẹ́nu kọ́tà, kò ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Jùbrílù fi ìka yí i. Kò yí. Ó gbé e símú, ó sì wo Fáwùnmí lójú.

"Iṣu lo fi jẹ ni?"

"Iṣu kẹ̀?"

"Epo pupa ló kún ẹnu rẹ̀! Ọyẹ́ sì ti mú un dì. Táyà tí kò yí, báwo ni yóò ṣe gé? O kàn ń wọ́ ọ lórí dígí bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́jà ni."

Ojú Fáwùnmí là. Ìyá rẹ̀ ni! Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ògún ni ìyá arúgbó náà máa ń kó ayùn, òòlù àti àdá ilé jọ, tí yóò fi epo pupa pa wọ́n lára, tí yóò sì máa wúre fún ọmọ. Fáwùnmí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kọ àdúrà ìyá. Àná sì ni ọjọ́ Ògún.

Jùbrílù bu epo òyìnbó sínú agolo ìpara, ó rẹ ẹnu kọ́tà sí i, ó fi ìyẹ́ adìẹ fọ̀ ọ́ títí táyà fi ń yí fìrì.

"Kí o tó gé, fi kan epo òyìnbó. Bí o bá ṣe tán, nù ún, kí o fi í sínú agolo tí òwú tí epo òyìnbó rin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Má jù ú sáàárín ìṣó. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí o fà á o! Má padà sórí ilà bí ẹni ń fi ayùn gégi."

Fáwùnmí dúpẹ́, ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ó bá ní ìyá ló ba irin jẹ́, inú ìyá yóò bàjẹ́. Bí ó bá sì dákẹ́, epo pupa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ògún mìíràn.

Nígbà tó délé, ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àkànní, mo gbọ́ tí nǹkan ń fọ́ láàárọ̀. Kí ló dé? Mo sì fún irin kékeré yẹn ní tiẹ̀ lánàá, mo tilẹ̀ fún un ju ayùn lọ."

Fáwùnmí lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ẹ ṣé, Ìyá mi. Èmi ni n kò tètè mọ̀. Irin yìí kì í jẹ epo pupa. Epo òyìnbó ni tiẹ̀."

Ìyá na ọrùn wo irin náà. "Èèwọ̀ rẹ̀ ni?"

"Èèwọ̀ rẹ̀ ni, Ìyá."

"Háà! O ò sì tètè sọ fún mi! Bí ẹni gbé àdí fún Èṣù ni mo ṣe yẹn!" Ó pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó mà ní sùúrù o. Dígí nìkan ló fọ́!"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Tíṣà Adéyẹmí bá wọn, ó ń jẹ àkàrà nínú ewé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kù mélòó?"

"Ẹyọ kan, sà."

Tíṣà kò jẹ àkàrà mọ́.

Fáwùnmí nu dígí, ó tẹ rúlà mọ́ ọn, ó ki ẹnu kọ́tà bọ epo òyìnbó. Ó dijú: "Olúwa, má jẹ́ kí ojú ó tì mí." Ó gbé kọ́tà dúró, ó sì fà á. Ó dún *fààà*, bí ìgbà tí aláṣọ bá ń ya aṣọ tuntun.

"Àkànní ọmọ ọlọ́wọ́-tútù," ìyá ń kì í wúyẹ́wúyẹ́, "ọmọ a-gé-pákó-bí-ẹni-gé-ọṣẹ, rọra, baba mi, rọra."

Ó dé etí dígí. Ilà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ ayùn láti kékeré ń yún un kó padà, kó tún un fà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ó sún ilà náà sí etí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

*Pọ́!*

Dígí pín sí méjì, ó gún régé. Tíṣà gbé e wọ inú férémù fèrèsé tó fara ti ògiri: ó bá àyè mu bí eyín nínú ẹnu.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáwùnmí, ẹ wá wọn fèrèsé ilé olùkọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè." Ó sì nawọ́ sí kọ́tà. "Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ lára èyí tó fọ́."

Ìyá ti gbà á kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ lọ fọwọ́. Àkàrà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yẹn, irin yìí ò sì gbọdọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀."